Iná ìbọn wa dà bí sítíkà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ẹ́fẹ́ẹ̀tì eré oníjà

Bọ́lá_Ẹ́dítọ̀ · Ajé, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, èmi ò kàn dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rí ni. Wàhálà ló gbé mi dé.

Eré oníjà alápá mẹ́jọ là ń ṣe fún YouTube, àwa ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án ní Ìbàdàn. Ìtàn àwọn fìjìlántè abúlé kan tó gbéjà ko ajínigbé ni. A ti ya apá mẹ́ta àkọ́kọ́ tán, èmi ni mo sì ń ẹ́díìtì. Fọ́ọ̀nù la fi yà á. Káfíńtà ló bá wa fi igi gbẹ́ àwọn ìbọn, a kùn wọ́n ní dúdú: ṣakabùlà mẹ́rin, AK méjì. Mo wá àwòrán iná ìbọn ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé e lé ẹnu ìbọn nínú DaVinci Resolve, áàpù tí mo fi ń ẹ́díìtì fídíò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó burú. Ńṣe ló dà bí sítíkà tí ọmọdé lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Àbúrò mi wò ó, ó ní, "Àǹtí, ṣé gúgúrú ló ń jáde lẹ́nu ìbọn yìí ni?"

Ìṣòro kejì tóbi ju ìyẹn lọ. Nígbà tí dáírẹ́tọ̀ wa rí i, inú bí i. Ó ní òun mọ ọdẹ kan lọ́nà Ìdó tó máa yá wa ní ìbọn gidi, pé ẹ̀tù nìkan la óò kì sí i, a ò ní í fi ọta sí i, pé kò séwu. Sátidé yìí la fẹ́ lọ ya apá kẹrin. Ẹ̀gbọ́n ni sí mi, ẹnu mi ò gbà á. Àfi kí iná ti kọ̀ǹpútà yìí dára kó tó di Sátidé, kó má baà sí ìdí tí a fi ń lọ yá ìbọn.

LékanFírémù · Ajé, 9:40 alẹ́

Àǹtí Bọ́lá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ gbé díẹ̀ wá ká rí i. Kí ẹ tó gbé e dé: fírémù mélòó, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, ni iná yẹn fi ń wà lójú? Fírémù mélòó sì ni fọ́ọ̀nù yín ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan?

Bọ́lá_Ẹ́dítọ̀ · Ajé, 9:58 alẹ́

Mo ti gbé e sókè. Fírémù méje ni iná náà fi wà. Fọ́ọ̀nù ní 30 lòun ń yà, àmọ́ nígbà tí mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan kọ 28.74, òmíràn kọ 29.6. Mi ò mọ ohun tó fà á.

LékanFírémù · Ajé, 10:35 alẹ́

Fírémù méje! Àǹtí mi, ìbọn kọ́ nìyẹn o, àdògán ni ẹ dá.

Iná tó ń yọ lẹ́nu ìbọn, kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó ti lọ. Tí ẹ bá ń ya fírémù 25, ẹyọ kan ni iná náà ń gbà. Bó pọ̀ jù, méjì. Kódà àwọn tó ń yin ìbọn tí kò ní ọta nínú, ìgbà mìíràn wà tí iná náà máa ń bọ́ sí àárín fírémù kan sí èkejì, nígbà tí ojú kámẹ́rà dé, wọn ò sì ní í rí nǹkan kan. Ẹlẹ́fẹ́ẹ̀tì ló ń padà wá fi iná sẹ́nu ìbọn tó ti yọ iná gidi! Nítorí náà, fírémù kìíní, iná. Ìkejì, iná ti ń kú, èéfín ti gbà á. Kò gbọdọ̀ sí ìkẹta. Bí ìbọn bá sì dún lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ má lo àwòrán iná kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ yí ọ̀kan po, ẹ fẹ ọ̀kan, ẹ dín ọ̀kan kù. Òǹwòran lè má mọ ohun tó rí, àmọ́ ara rẹ̀ á sọ fún un pé ẹ̀tàn ni.

Ti nọ́ńbà tó ń yí padà yẹn, fọ́ọ̀nù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá dín, á dín fírémù kù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fi HandBrake, áàpù ọ̀fẹ́ tó ń yí fídíò padà, sọ gbogbo rẹ̀ di Constant Framerate, ìyẹn iye fírémù tí kì í yí padà, kí ẹ tó gbé e wọ Resolve. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó fi iná sí fírémù 112 lónìí, ẹ ó bá a ní 114 lọ́la. Fún àwọn tí ẹ kò tí ì yà, ẹ wá áàpù kámẹ́rà tó lè de fírémù mọ́ 25, kí ẹ fi shutter, ìyẹn bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí, sí 1/50.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Mo ti wo fídíò yín lẹ́ẹ̀mẹfà. Ìbọn dún lóru, ojú akọni yín ò mọ́. Ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di sítíkà nìyẹn. Iná tí kò tan ìmọ́lẹ̀ sára nǹkan kan, ta ló máa gbà pé iná ni?

Ẹ ṣe ẹ̀dà fídíò náà, ẹ gbé e lé orí ara rẹ̀, ẹ gé e ku fírémù tí iná wà nínú rẹ̀ nìkan. Ẹ fi mask, ìyẹn ìlà tó ń pààlà sí ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe, yí ojú, àyà àti ọwọ́ tó di ìbọn mú ká, ẹ jẹ́ kí etí mask náà rọ̀ dáadáa. Ẹ wá gbé ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sókè, kí ẹ bu àwọ̀ ọsàn díẹ̀ sí i. Bí ògiri bá wà nítòsí, kó gba tirẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ gbà díẹ̀. Kódà bí ẹ bá yọ àwòrán iná kúrò pátápátá, tí ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ojú yìí nìkan sílẹ̀, ìbọn náà ti dún nìyẹn.

Bí ẹ bá sì lè ṣe é níbi tí ẹ ti ń yà á gan-an, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì LED tó lágbára, kó tàn án kó sì pa á kíá bí òṣèré bá ti fa ìbọn. Ẹ má lo flash kámẹ́rà o: ó yára ju ojú fọ́ọ̀nù lọ, ìlàjì fírémù ló máa tàn sí, ìlàjì tó kù á ṣókùnkùn.

ỌmọỌdẹ_Òkèhò · Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n Lékan sọ nípa iná ìbọn, àmọ́ fún AK nìkan ni. Ẹ má fi ṣe ṣakabùlà o! Bàbá mi ọdẹ, bàbá tó bí i lọ́mọ náà ọdẹ, èmi ni mo sì ń gbé àpò ẹ̀tù tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ ìsinmi.

Bí ọdẹ bá fa ṣakabùlà, iná kékeré á kọ́kọ́ ṣẹ́ ní ìdí ìbọn, níbi tí òòlù rẹ̀ ti lù ú, lẹ́bàá ojú ẹni tó ń yìn ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnu ìbọn tó wá dún. Ibi méjì ni iná ti ń yọ, wọn kì í sì í yọ pọ̀. Èéfín ló wá kù. Ẹ̀tù kì í jó tán bíi ti ọta òyìnbó. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó ń di èéfín àti èérí. Ẹ wo ibi tí àwọn ọdẹ ti ń yin ìbọn níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ: ẹ ò ní í rí ẹni tó yìn ín fún ìgbà díẹ̀, èéfín funfun ti bò ó. Ẹ dín iná kù, kí ẹ fi èéfín kún un. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn ò ní í jẹ́ kéèyàn rí iná náà pàápàá. Èéfín ni gbogbo ẹ̀.

Ohun kan tún pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá fìjìlántè yín yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì kì í! Ẹ̀ẹ̀kan ni ṣakabùlà ń dún. Ó gbọ́dọ̀ da ẹ̀tù sí i, kó fi nǹkan dí i, kó fi ọ̀pá gún un, kó tó dún ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ẹ lè fi ìyẹn dá ẹ̀rù bani nínú ìtàn yín: ajínigbé ń sáré bọ̀, bàbá ṣì ń gún ìbọn.

BàbáLókéṣọ̀n · Ìṣẹ́gun, 8:03 àárọ̀

Gbogbo gírámà yìí nítorí ìbọn! Láyé tiwa, ọdẹ là ń bẹ̀, ìbọn gidi là ń yìn, kò sì sẹ́ni tó kú. Dáírẹ́tọ̀ yín mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ ki ẹ̀tù lásán sínú ìbọn, ẹ yìn ín. Òǹwòran mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú.

ỌmọỌdẹ_Òkèhò · Ìṣẹ́gun, 8:31 àárọ̀

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Kò sí nǹkan tó ń jẹ́ "ẹ̀tù lásán". Bí a ò bá fi àkísà tàbí ìhá dí ẹ̀tù mọ́lẹ̀, kò ní í dún dáadáa. Ohun tí a fi dí i yẹn ń jáde pẹ̀lú agbára. Mo ti rí i tó wọ inú pákó. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ, tó ti lò fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì lè bẹ́ mọ́ ẹni tó gbé e lọ́wọ́. Bàbá mi ní ìka mẹ́sàn-án.

Tádé_Cardiff · Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán gbogbo yín. Roto ni iṣẹ́ mi níbí, ìyẹn ni pé mo máa ń jókòó yí ìlà sára èèyàn ní fírémù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò lára ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ àṣekúdórógbó ni, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́.

Ohun tí ỌmọỌdẹ sọ yẹn ti ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní October 1984, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ya eré tẹlifíṣọ̀n oníjà kan tó ń jẹ́ Cover Up, òṣèré Jon-Erik Hexum gbé ìbọn .44 Magnum tí kò ní ọta nínú, ó fi ẹnu ìbọn náà ti ẹ̀bátí ara rẹ̀, ó ń ṣeré. Ó fà á. Kò sí ọta níbẹ̀ o, ohun tí wọ́n fi dí ẹ̀tù lásán ni, agbára rẹ̀ nìkan ló fọ́ ọ lágbárí. Kò lò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tó fi kú.

Ìyẹn pẹ́, ẹ gbọ́ tuntun. Ní October 21, 2021, ní New Mexico, wọ́n ń ya fíìmù Rust. Wọ́n ní ìbọn náà kò ní nǹkan kan nínú. Ọta gidi ló wà níbẹ̀. Ó pa Halyna Hutchins, obìnrin tó ń bójú tó kámẹ́rà. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ọ̀gá eré tẹlifíṣọ̀n The Rookie, eré ọlọ́pàá tó kún fún ìbọn, kéde pé kò sí ìbọn gidi mọ́ nínú eré òun: ìbọn Airsoft, tó ń fi afẹ́fẹ́ ju ọta rọ́bà wẹ́wẹ́, ni wọn yóò máa lò, kọ̀ǹpútà ni yóò sì máa fi iná sí i. Àwọn tó ní owó láti gba amòye ìbọn mẹ́wàá ló sọ bẹ́ẹ̀. Àǹtí Bọ́lá, ohun tí ẹ ń ṣe pẹ̀lú igi káfíńtà yẹn ni àwọn náà padà sí.

Ohun tí igi ò ní ni ìwúwo. Ìbọn gidi ń ti èèyàn sẹ́yìn. Ẹ sọ fún òṣèré yín kó fi èjìká gba nǹkan, kó sì ṣẹ́jú. Bí ó bá lójú sílẹ̀ rangandan nígbà tí ìbọn dún lẹ́bàá etí rẹ̀, ẹ́fẹ́ẹ̀tì kankan ò lè gbà á là.

BàbáLókéṣọ̀n · Ìṣẹ́gun, 7:44 alẹ́

Mo ka ti Tádé. Ó dáa. Ẹ má yá ìbọn ọdẹ mọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kọ̀ǹpútà ni kó ṣe gbogbo rẹ̀. Tí ọta bá ba ilẹ̀, erùpẹ̀ gbọdọ̀ tú. A máa ń ri ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀, a ó da èlùbọ́ sí ẹnu rẹ̀, ẹnì kan á dúró níbi tí kámẹ́rà ò rí, á fi pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ. Fùú! Ẹ ó rò pé ọta ni.

LékanFírémù · Ìṣẹ́gun, 8:10 alẹ́

Bàbá, èyí dára gan-an ni, èmi náà máa jí i lò. Ẹ kàn jẹ́ ká fi erùpẹ̀ gbígbẹ tí a jọ̀ dípò èlùbọ́. Ìyẹ̀fun tó bá fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́, tí iná bá kàn án, ó lè bú gbàmù, ó sì dájú pé ẹnì kan á dáná nítòsí. Èlùbọ́ pàápàá ti wọ́n jù láti máa fẹ́ dànù.

Bọ́lá_Ẹ́dítọ̀ · Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ṣe ìmọ́lẹ̀ ojú. Mo pariwo nígbà tí mo rí i, màmá mi sáré wọlé.

Dáírẹ́tọ̀ ò tíì gbà tán. Mo ti fi ọ̀rọ̀ Tádé ránṣẹ́ sí i, ó kà á, kò fèsì.

Ìbéèrè mìíràn: ní apá karùn-ún, mọ́tò ajínigbé máa bú gbàmù. Mo ń fi Blender, áàpù tó ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iná àti èéfín, ṣe é. Fírémù kan ń gba ìṣẹ́jú mẹ́fà láti rẹ́ńdà, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà yà á tán, lórí láàpútọ́ọ̀pù mi. Mo fi sílẹ̀ lálẹ́ àná, NEPA mú iná ní aago mẹ́ta, bátìrì kú, fáìlì MP4 náà ò ṣí mọ́. Gbogbo rẹ̀ lọ.

Àlàbí_Íńfátà · Ọjọ́rú, 10:50 alẹ́

Ìyá mi, taa ní ń rẹ́ńdà tààrà sí MP4 ní Nàìjíríà!

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin ní fírémù 25 jẹ́ fírémù 100. Ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ́nà 100 jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Ta ló ń rí iná fún wákàtí mẹ́wàá láìdúró? Ẹ rẹ́ńdà sí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, PNG tàbí EXR. EXR dára jù fún iná nítorí ó ń tọ́jú ibi tó mọ́lẹ̀ jù láì jẹ́ kó di funfun báláú. Ẹ wá yọ àmì kúrò níwájú Overwrite, ìyẹn kíkọ fáìlì tuntun lé ti àtijọ́ lórí, ní ibi Output. Bí NEPA bá mú iná ní fírémù 43, tí wọ́n bá dá a padà, ẹ tẹ rẹ́ńdà lẹ́ẹ̀kan sí i, Blender á fo gbogbo èyí tó ti wà. Kí ẹ kọ́kọ́ pa fáìlì tó gbẹ̀yìn rẹ́ o, ó lè jẹ́ ààbọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ má sì fọwọ́ kan Placeholders tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ ní. Á ṣẹ̀dá fáìlì òfìfo, ẹ ó rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ dín samples kù, ìyẹn iye ìgbà tí Blender ń ṣírò ìmọ́lẹ̀, kí ẹ tan Denoise tó ń nu hóró-hóró kúrò lára àwòrán. Iná àti èéfín nìkan ni kí ẹ rẹ́ńdà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ òfìfo, kí ẹ wá gbé e lé fídíò mọ́tò náà ní Resolve.

Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré tì yín lójú. Ní 1993, nígbà tí ẹyọ àkọ́kọ́ Babylon 5 jáde lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kọ̀ǹpútà Amiga, irú èyí tí àwọn èèyàn ń rà sílé, ni wọ́n fi ṣe àwọn ọkọ̀ ojú òfuurufú inú rẹ̀. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy fún ẹ́fẹ́ẹ̀tì lọ́dún yẹn. Fọ́ọ̀nù ọwọ́ yín lágbára ju Amiga wọ̀nyẹn lọ fíìfíì.

LékanFírémù · Ọjọ́rú, 11:21 alẹ́

Mo tún fẹ́ fi ọ̀kan kún un, ẹ lè máà gbà: ẹ má fi bíbú náà hàn. Ajínigbé ń sá, ó bojú wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ yòò, ariwo, mọ́tò tó ti jóná tán. Ẹ lè rí mọ́tò jíjóná ní ọgbà mẹ́káníìkì èyíkéyìí. Bí mọ́tò náà bá jìnnà, ẹ rántí pé ìmọ́lẹ̀ ń ṣáájú ariwo. Ní nǹkan bíi mítà 170, ìlàjì ìṣẹ́jú-àáyá ni ariwo máa fi pẹ́ dé. Ìyẹn fírémù 12. Òfo kékeré yẹn dẹ́rù bani ju iná lọ.

Tádé_Cardiff · Ọjọ́bọ̀, 7:05 àárọ̀

Mo fara mọ́ ti Lékan. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló sì gbé mi jí. Ẹ fẹ́ kó èèyàn mẹ́sàn-án lọ sínú igbó lọ́nà Ìdó, kí wọ́n múra bí ajínigbé, kí wọ́n gbé igi tó jọ AK dání? Ẹ ti sọ fún DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá? Baálẹ̀ ńkọ́? Àmọ̀tẹ́kùn ńkọ́? Bí ará abúlé bá rí yín láti ọ̀ọ́kán, ta ló máa bi yín pé ṣé fíìmù ni? Kò sí bí ẹ́fẹ́ẹ̀tì ṣe lè dára tó tó lè dá ọta gidi padà. Ẹ kọ lẹ́tà lónìí. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín níbẹ̀, kí ẹnì kan láti abúlé dúró tì yín títí ẹ ó fi ṣe tán.

BàbáLókéṣọ̀n · Ọjọ́bọ̀, 7:30 àárọ̀

Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n ti de àwa yẹn rí, nítorí aṣọ ọlọ́pàá tí a yá lò. Ìdajì ọjọ́ ni a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bọ́lá_Ẹ́dítọ̀ · Àìkú, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ ìsinmi. A lọ, a bọ̀, kò sẹ́ni tí nǹkan ṣe.

Baálẹ̀ ka lẹ́tà, ó yan ọmọkùnrin kan tì wá. Ọdẹ tí dáírẹ́tọ̀ ní òun máa yá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ wá síbẹ̀. Dáírẹ́tọ̀ tọrọ ìbọn lójú gbogbo wa. Bàbá náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìbọn mi? Kí ẹ fi ṣe tíátà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó gba igi ọwọ́ òṣèré, ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kì í, bí wọ́n ṣe ń gún un, bí wọ́n ṣe ń gbé ojú sápá kan kí iná ìdí ìbọn má baà ta sí i. Ibẹ̀ náà ni dáírẹ́tọ̀ ti dákẹ́. Ó tilẹ̀ wá gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń tàn án ní gbogbo òru, ó sì ń pariwo "gbòlà!" bó bá ti tàn án, mo wá ní láti yọ ohùn rẹ̀ kúrò nínú gbogbo fídíò.

Pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ bá mi kí Bàbá. Mọ́tò ti apá karùn-ún, a ò ní í fi bíbú rẹ̀ hàn mọ́. Mo ti rí ọ̀kan tó jóná ní ọgbà mẹ́káníìkì kan ní Mọ́níyà.

Mo fi iná àti èéfín sí ìbọn àkọ́kọ́ láàárọ̀ yìí, mo pe àbúrò mi. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ̀rọ̀ gúgúrú. Ó ní, "Àǹtí, èéfín yìí ń lọ sápá òsì, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fẹ́ sápá ọ̀tún." Mo ti padà sídìí ẹ̀.